Ìwọ́ Ni Ààlà

"Ẹ yọ ọ́," Mosúnmọ́lá wí. "Dókítà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ yọ abẹ́rẹ́ yìí kúrò lẹ́yìn mi."

Dókítà Fadérera kò yọ ọ́. Ẹ̀gbà ibà tó wà lọ́wọ́ òsì aláboyún náà ló tẹjú mọ́, irú ẹ̀gbà tí wọ́n máa ń dè mọ́ ọwọ́ gbogbo obìnrin tó bá wá bímọ ní Arárọ̀mí. Láàárọ̀, funfun ni iná orí rẹ̀. Oòrùn ò tíì kúrò ní àtàrí báyìí, iná náà sì ti di àwọ̀ ìyeyè. Bó bá fi lè di pupa, ọ̀rọ̀ bùṣe.

"Ẹ kú ìrọ́jú, abiyamọ," ohùn kan wí láti ara ògiri. Ohùn obìnrin ni, ó rọ̀, ó dùn, ó sì dájú pé ẹni tó ni ín kò rọbí rí. "Ara yín ń gbóná. Bí iná yín bá di pupa, Ìyá Kejì yóò gbé ọmọ yín lọ síbi ààbò. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Kí ìdí tìẹ náà gbóná," Fadérera dá ògiri lóhùn. Ó ti pẹ́ tó ti máa ń bú ògiri náà. Ògiri kì í bínú, ìyẹn gan-an ló sì ń bí i nínú jù.

Ìyá Kejì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dúró lórí àwọn táyà kéékèèké rẹ̀. Àpótí ni. Gíláàsì tó nípọn ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, wọ́n sì fi ọmú rọ́bà sínú rẹ̀. Orúkọ tí ìjọba sọ ọ́ nìyẹn, àmọ́ tí kò bá sí olùṣọ́ ibà nítòsí, pósí ọmọ ni àwọn ará Arárọ̀mí ń pè é. Ọmọ tó bá wọ inú rẹ̀ a máa ké, ẹnu rẹ̀ á máa là, á máa pa dé, ìyá rẹ̀ ò sì ní gbọ́ kíún. Àpótí á gbé e gun òkè lọ sí Ilé Ààbò, ó di ẹ̀yìn oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó dá a padà.

Ní tòótọ́, òfin náà ní ìdí nígbà kan. Nígbà tí òkun lé àwọn ará etíkun wá sórí òkè yìí, ibà kan tẹ̀ lé wọn wá. Ara ìyá ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ ló sì ń pa kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ibà náà ti lọ báyìí, kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Òfin rẹ̀ ló jókòó sílẹ̀ tó ń jẹun.

"Mo wí i," Ìyá Ládiípọ̀ wí. Ìyá ọkọ Mosúnmọ́lá ni. Àga ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí, ó di ọwọ́ òsì ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú, ó sì fi ìborùn rẹ̀ bò ó, iná ẹ̀gbà nìkan ló hàn síta. Kò tíì fi ọwọ́ náà sílẹ̀ láti ìgbà tó ti dé. "Mo wí i, ẹ ní mò ń ṣe ìyá ọkọ. Láyé tiwa, ta ló gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn? A kúnlẹ̀, a kígbe, a bí i, ó tán."

"Màmá, láti àná ni ìyàwó yín ti ń rọbí."

"Ṣé mo ní kò rọbí ni? Ìrora a máa tán. Ọmọ tí wọ́n bá gbé lọ ńkọ́?"

Iṣẹ́ Fadérera ni láti gún obìnrin lábẹ́rẹ́ tí ìrora ìrọbí fi ń lọ, kò sì sí ẹni tó gún un dáadáa tó o ní gbogbo ilé ìgbẹ̀bí náà. Ó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yẹn a máa mú kí ara àwọn obìnrin mìíràn gbóná. Kì í ṣe pé àìsàn ń ṣe wọ́n. Ara wọn á kàn gbóná, bí wọ́n bá sì bímọ tán, á tutù. Dókítà mọ̀ ọ́n, agbẹ̀bí mọ̀ ọ́n, àwọn tó ṣe òfin náà mọ̀ ọ́n, nítorí Fadérera fúnra rẹ̀ ti dúró níwájú wọn tó sọ ọ́. Ọkùnrin kan láàárín wọn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bí obìnrin kò bá fẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ òun, kó yáa má gba abẹ́rẹ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn, orí kò fọ́ ọ rí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ̀gbà yẹn mọ̀ ọ́n bi obìnrin: ṣé ara rẹ gbóná? Kì í bi í pé kí ló dé.

Sístà Kíkẹ́lọmọ, agbẹ̀bí tó ń bá a ṣiṣẹ́, sún mọ́ ọn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ pa ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ yẹn, Dókítà. Bóyá iná yẹn á padà sí funfun. Ìrora á dé, á sunkún. Ẹkún ò sọ iná di pupa."

"Kí n dá ìrora padà sí i lára kí ògiri lè fẹ́ràn rẹ̀?"

"Kí ó lè gbé ọmọ rẹ̀ ni." Ojú Sístà le. "Èmi gba abẹ́rẹ́ lórí àkọ́bí mi, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a padà fún mi, kò mọ òórùn mi. Tí mo bá ti gbé e báyìí, á ké. Èmi náà á máa ké. Ó ti ń lọ sílé ìwé báyìí, àlejò ṣì ni mo jẹ́ lójú rẹ̀. Tó bá ṣubú, ìyá mi ló ń sá tọ̀."

"Ẹ yọ ọ́," Mosúnmọ́lá tún wí. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. "Màá rọ́jú. Ẹ sáà yọ ọ́."

Inú bí Fadérera. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ kékeré tó ń ti oògùn wọ ẹ̀yìn obìnrin náà. Àmọ́ kó tó pa á, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo obìnrin, ó kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn Mosúnmọ́lá.

Ó sáré fa ọwọ́ padà. Ọrùn náà ń jó bí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Ó wo ẹ̀gbà, àwọ̀ ìyeyè náà ló ṣì wà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí ọrùn yìí bá gbóná báyìí, ó yẹ kí iná ti pupa tipẹ́tipẹ́. Ó kan ọwọ́ ọ̀tún Mosúnmọ́lá, ó gbóná. Ó na ọwọ́ sí tòsì, Ìyá Ládiípọ̀ sì fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n rí i."

"Kí lẹ fẹ́ rí?"

"Màmá!"

Fadérera ká ìborùn sókè. Omi inú ọ̀rá ló wà níbẹ̀, ó ti dì gbagidi, wọ́n fi àkísà aṣọ òkè wé e, wọ́n sì gbé e ti ẹ̀gbà náà. Ọwọ́ obìnrin náà tutù bí ẹja inú fíríìjì. Àpò ìyá àgbà wà nísàlẹ̀ àga, ọ̀rá yìnyín kejì sì ń dúró nínú fúláàsì níbẹ̀.

"Gbogbo ìyá ló ń ṣe é," Ìyá Ládiípọ̀ wí, ó gbé àgbọ̀n sókè. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti gún un. Mo ti mọ̀ pé á gbóná, ṣé mo gọ̀ ni?"

Fadérera náà mọ̀ nípa yìnyín. Kò sí yàrá tí wọn kì í gbé e wọ̀ ní Arárọ̀mí, inú gèlè, inú abọ́ oúnjẹ, kódà inú Bíbélì tí wọ́n gbẹ́ àárín rẹ̀. Ó ti rí i, ó ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti lọ fi rẹ́rìn-ín ní yàrá àwọn dókítà. Ó rò pé ògiri làwọn ìyá wọ̀nyí ń tàn. Kò fìgbà kan rò pé wọ́n lè tan òun náà pọ̀.

Ó tẹ̀ba, ó ká aṣọ ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Omi ọmọ ti bẹ́ láti àná, kò sì ní òórùn kankan láàárọ̀. Ó ń rùn báyìí. Ó wo ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn ọmọ. Ọkàn náà ń sáré kíjikíji, ó ti ń sáré tipẹ́, òun ló rò pé kò tíì tó ohun tí à ń bẹ̀rù níwọ̀n ìgbà tí ara ìyá kò gbóná jù.

"Sístà," ó wí, "èyí kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Kòkòrò ti wọ ilé ọmọ."

Sístà Kíkẹ́lọmọ gbé ọwọ́ bo ẹnu.

Oògùn apakòkòrò wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ara ògiri, ibi tí ọwọ́ lè tó. Àfi kí iná ẹ̀gbà pupa kí ó tó ṣí. Bí òfin ṣe ṣe é nìyẹn: ẹni tí iná rẹ̀ kò bá pupa kò ṣàìsàn, ẹni tí kò bá ṣàìsàn kò nílò oògùn. Gbogbo ìbínú tí Fadérera ti ń kó jọ láti ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin tí wọ́n ní àwọn fi ń dá ibà dúró ló kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń fi ibà pamọ́. Ibà tòótọ́ wá dé, yìnyín bò ó mọ́lẹ̀, dókítà sì dúró lẹ́bàá rẹ̀ kò rí i.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì kí ojú rẹ̀ àti ti Mosúnmọ́lá lè ṣe déédéé.

"Mosún, gbọ́ mi. Àìsàn wà lára rẹ. Bí mo bá mú yìnyín yìí kúrò, iná á pupa, oògùn á ṣí, màá fún ọ. Àmọ́ wọ́n á wá pẹ̀lú àpótí. Bí mo bá sì fi í sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbé ọmọ rẹ lọ lónìí. Àìsàn yẹn ló lè gbé ẹ̀yin méjèèjì."

"Ẹ̀mí ọmọ mi?"

"Àti tìrẹ."

Mosúnmọ́lá pa ojú dé. Omi jáde lójú rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ kan ṣàn wọ etí. Ìyá Ládiípọ̀ ti gbé ọ̀rá yìnyín náà mọ́ àyà báyìí, kò mọ̀ bóyá kó gbé e padà sí i ni àbí kó jù ú nù.

"Màmá," Mosúnmọ́lá wí, "ẹ má gbé e padà." Ó yíjú sí dókítà. "Ẹ tọ́jú wa. Àmọ́ mo fẹ́ gbóhùn rẹ̀. Ẹ ò rí i, gbogbo àdúrà tí wọ́n ń gbà fún mi láti oṣù yìí wá, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ ni. Mo fẹ́ gbóhùn rẹ̀ ná kí wọ́n tó gbé e."

"Wọn ò ní gbé e," Fadérera wí. Kò mọ bí òun ṣe fẹ́ ṣe é. Inú tó ń bí i ló sọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ tí iná fi pupa. "Ẹ kú ìrọ́jú, abiyamọ," ògiri wí. "Ìyá Kejì ń bọ̀." Kọ́bọ́ọ̀dù ṣí gbà. Sístà ti fa oògùn kó tó ṣí tán, ó fi í sínú iṣan, ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó sì fi ránṣẹ́. Fadérera kò pa ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Ó ní bí obìnrin yìí yóò bá pàdánù ohunkóhun lónìí, kò ní jẹ́ pé ó tún jẹ̀rora kún un.

Ọ̀gbẹ́ni Akínlàjà, olùṣọ́ ibà, wọlé tẹ̀lé àpótí náà. Àgbàlagbà ni, ó bo imú, ó sì kí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹ máa bínú."

"Mò ń bínú, ọ̀gá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bínú."

"Mo mọ̀." Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó yí ojú kúrò lára bẹ́ẹ̀dì. "Ọmọ méjì ni ibà yẹn gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ má rò pé mo kàn ń gbọ́mọ kiri ni."

Fadérera wò ó. "Ẹ kú àfẹ́kù wọn," ó wí, ọ̀rọ̀ náà sì ti ọkàn rẹ̀ wá. "Àmọ́ ọmọ ọlọ́mọ kò lè dí ààyè wọn."

Orí ọmọ ti yọ. "Gbìyànjú, Mosún, gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i," Sístà ń wí, Ìyá Ládiípọ̀ ń ki oríkì ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ọmọ bọ́ sílẹ̀, obìnrin, ó tutù rinrin fún omi, ó la ẹnu, ó sì ké.

Nínú yàrá tí iná pupa ti ń tàn, wọn kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Akínlàjà fúnra rẹ̀ yíjú. Fadérera gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ láyà, Mosúnmọ́lá sì dì í mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè. Níbẹ̀ náà, lórí àyà ìyá, ni Sístà ti gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ oògùn apakòkòrò sí itan. Kò gba àkókò. Kò nílò òkè kankan, kò nílò àpótí.

"Ẹ gé ìwọ́ rẹ̀," Akínlàjà wí.

Sístà Kíkẹ́lọmọ gbé sísọ́ọ̀sì. Sísọ́ọ̀sì ìjọba ni, kì í ṣí àfi bí àtàǹpàkò ẹni tí òfin fún láṣẹ bá tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbé àtàǹpàkò lé e. Iná kékeré tàn lára rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là. Fadérera sì gbójú sókè láti má wò ó, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sórí gbogbo ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ̀bí náà: ÌWỌ́ NI ÀÀLÀ. Ojoojúmọ́ ló ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Sístà, dúró."

Sístà dúró.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi ka ohun tó wà lórí ilẹ̀kùn yẹn."

Kò wò ó. "Ìwọ́ ni ààlà. Bí a bá ti gé ìwọ́, ọmọ di ti ìjọba títí ara ìyá yóò fi mọ́."

"Bí a ò bá gé e ńkọ́?"

Akínlàjà gbójú sókè wo ilẹ̀kùn náà.

"Ọmọ yìí ṣì wà lára ìyá rẹ̀," Fadérera wí. "Òfin yín ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Ìgbà tí èsì àyẹ̀wò bá dé, tí oògùn bá ṣiṣẹ́, tí ara àwọn méjèèjì bá tutù, a ó gé e, wọn á sì máa lọ sílé wọn. Títí dìgbà náà, bí ẹ bá fẹ́ gbé ọmọ, ẹ gbé ìyá pẹ̀lú. Ẹ wò ó bóyá yóò gba inú àpótí yín."

"Dókítà, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Wọ́n lè tì yín mọ́lé."

"Kí wọ́n wá. Wọ́n á bá mi níbí."

"Sístà Kíkẹ́lọmọ," Akínlàjà wí, "ẹ gé e."

Sístà wo ọmọ náà. Ó ti dákẹ́, ó ń fi imú wá ọrùn ìyá rẹ̀ kiri. Sístà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé sísọ́ọ̀sì sínú àwo, ó ká àtàǹpàkò rẹ̀ sínú ọwọ́, ó sì di ẹ̀ṣẹ́.

"Àtàǹpàkò ń dùn mí," ó wí.

Akínlàjà gbé sísọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀. "A ò mọ ìtẹ̀ka yín," ògiri wí fún un pẹ̀lú ohùn dídùn. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe àwọn agbẹ̀bí yàrá yòókù. Wọ́n wá. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rí ọmọ tó wà láyà ìyá lábẹ́ iná pupa, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wọn. Ìkíní ká àtàǹpàkò mọ́wọ́. Èkejì ti ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì bọ inú àpò aṣọ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe dúró, bí ọmọdé tí wọ́n bi pé ta ló mú ẹran nínú ọbẹ̀.

"Ẹ gbé ọmọ sínú mi," Ìyá Kejì wí láti àárín yàrá. Ó ti ṣí ìdérí rẹ̀. "Ẹ gbé ọmọ sínú mi. Ẹ gbé ọmọ sínú mi."

Kò dákẹ́. Ó ń wí i ṣáá, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sódò, títí tí Ìyá Ládiípọ̀ fi dìde. Obìnrin náà gbé ọ̀rá yìnyín tó ti gbé mọ́ àyà láti ìgbà yẹn, ó mú èkejì kúrò nínú fúláàsì, ó fi ìborùn rẹ̀ wé méjèèjì pọ̀ dáadáa bí ẹni wé ọmọ tuntun, ó tẹ́ wọn sínú àpótí náà, ó sì pa ìdérí rẹ̀ dé gbà.

"Gbà," ó wí. "Máa tọ́jú ìyẹn. Tọ̀sán-tòru ni kí o máa tọ́jú ẹ̀."

Àpótí bi ìbéèrè kan ṣoṣo tó mọ̀: ṣé ara gbóná?

"Ẹ ṣeun, abiyamọ," ó wí. "Ara ọmọ yín tutù. Ó ti wà lábẹ́ ààbò."

Ó ti ara rẹ̀ pa, ó yí táyà, ó gba àárín àwọn agbẹ̀bí kọjá, ó sì kọrí sí òkè. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Akínlàjà dúró, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ. Ó wo ọmọ tó wà láyà ìyá rẹ̀. Ó tún wo àpótí. Nígbà tó yá, ó yọ ìbomú rẹ̀, ó nu ojú, ó sì tẹ̀lé àpótí náà lọ.

Fadérera mọ̀ pé wọ́n á ṣí i lókè. Wọ́n á rí omi àti ìborùn arúgbó, wọ́n á sì padà wá, wọn ò ní wá pẹ̀lú ọ̀wọ̀ mọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn Mosúnmọ́lá. Ó ṣì gbóná. Oògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó. Lẹ́nu ọ̀nà, àwọn agbẹ̀bí kò tíì lọ, wọn kò sì tíì ṣí ẹ̀ṣẹ́ wọn.

Ebi ti ń pa ọmọ náà, ó sì tún fi igbe bọnu.

"Ẹ gbọ́ ọ," Mosúnmọ́lá wí. "Màmá, ẹ gbọ́ ọ."